Mo máa ń lọ́ra rìn: ṣé mo lè bá ẹgbẹ́ gun òkè?

Ìbéèrè: Mo ti forúkọ sílẹ̀ láti bá àwọn kan rin ìrìn ọlọ́jọ́ mélòó kan lórí òkè ńlá, afinimọ̀nà yóò sì ṣáájú wa. Ara mi le, àmọ́ n kì í yára rìn, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa dúró dè mí. Báwo ni wọ́n ṣe ń yára tó, kí ni mo sì lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹgbẹ́ tí afinimọ̀nà rẹ̀ bá mọṣẹ́ kì í yára. Lórí Kilimanjaro, "ẹ rọra" ló máa ń wà lẹ́nu àwọn afinimọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́.

Láti ṣírò àkókò, ọ̀pọ̀ wa ṣì ń lo òfin tí William Naismith, ará Scotland, là sílẹ̀ lọ́dún 1892: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn. Ọ̀nà kìlómítà 10 tó ga sókè ní mítà 900 yóò gba wákàtí 3 àti ààbọ̀ nìyẹn, láìka ìsinmi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ìṣirò yìí wà fún. Fún ẹgbẹ́, èmi máa ń fi kún un dáadáa, torí bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni ìdúró ṣe ń pọ̀ tó: ẹnì kan ń so okùn bàtà, ẹlòmíì ń wá ẹ̀wù òjò.

Iwájú ni kí ẹ wà, lẹ́yìn afinimọ̀nà gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ́ra ló máa ń sá sẹ́yìn nítorí ìtìjú, ìyẹn ló sì ń pa wọ́n lára. Àwọn ará iwájú á ti jókòó, wọ́n á ti mumi, wọ́n á ti sinmi. Bí ẹni ìkẹyìn bá ṣe ń dé báyìí, wọ́n á dìde. Ẹni tó nílò ìsinmi jù lọ ni kò wá rí i rárá. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i. Ó yẹ kí ẹni ìkẹyìn mumi, kó sì mí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó gbé báàgì rẹ̀.

Mímí yín ni kí ẹ fi wọn ìrìn yín. Tí ẹ bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹhẹlẹ, ó dáa. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ gé ẹsẹ̀ yín kúrú. Ẹ má sáré kí ẹ tún wá dúró.

Tí òkè náà bá ju mítà 3,000 lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ́síjìn tó wà nínú èémí kọ̀ọ̀kan ti dín kù níbẹ̀, àwọn alágbára tó ń sáré gan-an sì lè ṣàìsàn. Kí ibi tí ẹ óò sùn má ṣe fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ. Tí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín, ẹ sọ fún afinimọ̀nà lójú ẹsẹ̀.

Kí ọjọ́ tó pé, ẹ bi àwọn tó ṣètò ìrìn náà ní mítà tí ẹ óò gùn lójoojúmọ́, àti bóyá afinimọ̀nà kejì yóò wà lẹ́yìn tó lè bá ẹni tó bá rẹ̀ padà. Tí kò bá sí ẹnì kejì, èmi ò ní bá wọn lọ.