Ẹ̀fẹ̀ la fẹ́ ṣe o, ṣé ọlọ́pàá ò ní kó wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà, lọ́yà wa. Iṣẹ́ gíráfíìkì ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ̀fẹ̀ tá a máa fi bú àwọn tó ń ra ìbò. Ó máa dà bí ibi tí wọ́n ti ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbò ni ọjà ibẹ̀, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní iye tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ta tiẹ̀ á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sínú fọ́ọ̀mù. A ò ní ta nǹkan kan o mà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọlọ́pàá máa kó wa. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá? Báwo la ṣe lè ṣe é?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n ẹ ò purọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Inú mi tiẹ̀ dùn pé o béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e síta, torí ọ̀pọ̀ tó ń pè mí, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń pè.

Ohun tẹ́ ẹ ń gbèrò yìí, wọ́n ti ṣe é rí l'Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, nígbà tí Bush àti Gore ń du ipò ààrẹ. Ọmọkùnrin kan, James Baumgartner, tó ń kàwé nípa iṣẹ́ ọnà ní Rensselaer Polytechnic Institute ní ìpínlẹ̀ New York, ló ṣí i, Voteauction lorúkọ ẹ̀. Ohun tó ń bú ni pé àwọn olówó ń fi owó ìpolongo ra aráàlú lọ́nà ẹ̀yìn, ó wá ní ṣebí kí wọ́n kúkú kówó náà fún olùdìbò fúnra ẹ̀, kí àwọn onípolówó tẹlifíṣọ̀n yé jẹ ẹ́ láàárín. Sítéètì sítéètì ni wọ́n to ìbò náà sí, ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù ló máa sọ ẹni tí gbogbo àwọn tó ta ìbò ní sítéètì yẹn máa dìbò fún. Àwọn aláṣẹ ètò ìdìbò ní New York halẹ̀ mọ́ ọn, ló bá gbé e fún Hans Bernhard, ará Austria, tí òun àti lizvlx jọ ń ṣiṣẹ́ ọnà lábẹ́ orúkọ UBERMORGEN. Àwọn yẹn ò rẹ́rìn-ín o. Oníròyìn pè wọ́n, wọ́n dáhùn bí oníṣòwò, wọn ò jáde wá sọ pé eré ni.

Ó wá di wàhálà. Nínú oṣù October ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ ètò ìdìbò Chicago gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n tì í, àwọn sítéètì mìíràn bíi Missouri náà gba àṣẹ tiwọn, ilé iṣẹ́ tó forúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà sílẹ̀ pa orúkọ ọ̀hún, àwọn UBERMORGEN fi àmì kékeré kan sí àárín orúkọ náà wọ́n tún gbé e padà, wọ́n tún pa ìyẹn náà. CNN lo odindi ètò òfin kan lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Gbogbo ariwo yìí, Bernhard sọ lẹ́yìn náà pé ìbò kan ṣoṣo ò kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. (Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé nípasẹ̀ íméèlì ni àṣẹ ilé ẹjọ́ kan fi dé ibi tí wọ́n ti pa orúkọ yẹn, UBERMORGEN wá ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣẹ̀dá àṣẹ ilé ẹjọ́ ayédèrú fúnra ẹ̀. Alágídí ni wọ́n.)

Kí ló dé tí àwọn adájọ́ ò fi rí ẹ̀fẹ̀ inú ẹ̀? Torí òfin ìdìbò ò dúró kí owó bọ́ sápò kó tó mú èèyàn. Kéèyàn fi owó lọni lásán ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022, abala 121 ka ìlérí àti ìfilọni mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, owó ìtanràn ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí méjèèjì pa pọ̀ ló wà lórí ẹ̀ nígbà náà. Tó bá kan ríra tàbí títa káàdì ìdìbò ni, abala 22 òfin 2022 yẹn ní tiẹ̀, ìyẹn lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Nítorí náà tí ẹ bá kọ ọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù pé iye báyìí la ó san fún ìbò, tí fọ́ọ̀mù sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ń gba nọ́ńbà èèyàn, ohun tí ọlọ́pàá máa rí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ló bá yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín wá le ju ti àwọn ará Austria lọ ni pé l'Amẹ́ríkà, kí wọ́n máa ta ìbò ní gbangba jẹ́ ohun tí ò wọ́pọ̀, àwọn kan á wò ó wọ́n á ní àbí eré ni? Níbí ńkọ́? Ìdìbò gómìnà Èkìtì 2018, gbogbo ayé ló gbọ́ "dìbò kó o sebẹ̀". Àwọn tó máa kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù yín tọkàntọkàn ń bẹ, wọ́n á tún máa pè yín pé owó àwọn dà. Lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́rìí ọlọ́pàá ni wọ́n. Ẹ tún wá di ẹni tó ń kó dátà aráàlú jọ, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà níbẹ̀ náà.

Ẹ wá wo ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, tó ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ̀fẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bonsai Kitten ní ìparí 2000. Wọ́n ní àwọn ń fi ọmọ ológbò sínú ìgò kí egungun ẹ̀ lè gba bátànì ìgò náà bó ṣe ń dàgbà, wọ́n to fọ́tò síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ bí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Irọ́ pátápátá ni, kò sí ológbò kankan tí nǹkan ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko fárígá, FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní Boston sì kọ̀wé sí MIT ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001 pé kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣe é wá, òfin kan tí Ààrẹ Clinton buwọ́ lù ní December 1999 nípa fífi ìyà ẹranko hàn ni wọ́n dì mú. Wọn ò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Òfin yẹn fúnra ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fagi lé e ní 2010 nínú ẹjọ́ mìíràn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà làwọn èèyàn ṣì ń fi íméèlì ránṣẹ́ káàkiri pé ẹ gbà wá o, wọ́n ń pa ọmọ ológbò. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ti kúrò níbi tó wà, fọ́tò ṣì ń rìn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fáwọn ayàwòrán pé "ẹ̀fẹ̀ ni o" tẹ́ ẹ kọ sísàlẹ̀ pátápátá ò wúlò. Ẹni tó máa ṣe skírínṣọ́ọ̀tì ò ní mú ìsàlẹ̀. Inú àwòrán gan-an ni kẹ́ ẹ fi í sí, lójú iye ọjà, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá tiẹ̀ gé e mọ́ iye nìkan lórí WhatsApp, èèyàn á mọ̀. Ẹ má fi náírà kọ iye o, ẹ má sì fi gàrí tàbí ìrẹsì kọ ọ́, torí ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pín. Ìrù ẹṣin mẹ́ta fún ìbò kan, òṣùpá ààbọ̀ fún wọ́ọ̀dù kan, irú ẹ̀. Àmì INEC kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ojú olóṣèlú kankan náà. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ tiyín gangan sí i, kí oníròyìn tó bá pè rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kó sì gbọ́ òótọ́ lójú ẹsẹ̀. Ti UBERMORGEN, irọ́ tí wọ́n ń pa fún oníròyìn wà lára iṣẹ́ ọnà náà. Ẹ̀yin ẹ má dán ìyẹn wò.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe àti ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ṣe é sílẹ̀, ẹ fi íméèlì rán an síra yín kí déètì lè wà lórí ẹ̀. Abala 24 òfin sáíbà, ìyẹn òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ilé ẹjọ́ ECOWAS ti bẹnu àtẹ́ lù ní 2020, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, ohun tẹ́ni tó kọ̀rọ̀ ní lọ́kàn ló ń wádìí: ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni, ṣé o fẹ́ dá ìlú rú? Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta wà lórí ẹ̀, àbí owó ìtanràn mílíọ̀nù méje náírà. Ìwé tó ti wà kí wàhálà tó dé ló máa gbà yín.

Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tó wá wá ohun kan lè bá òmíràn pàdé. Steve Kurtz, ayàwòrán ní Buffalo l'Amẹ́ríkà, ìyàwó ẹ̀ kú lójú oorun ní 2004, ó pe ọlọ́pàá, wọ́n rí àwo tó fi ń sin kòkòrò tín-tìn-tín fún iṣẹ́ ọnà, ni FBI bá dé pé apániláyà ni. Wọn ò rí ìpániláyà. Wọ́n wá fi ẹ̀sùn jìbìtì kàn án lórí kòkòrò tí owó ẹ̀ ò ju $256 lọ, ó dọdún 2008 kí adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù. Nítorí náà kí kọ̀ǹpútà yín mọ́. Bí ẹ bá ń lo sọ́fítíwia tí ẹ jí, ẹ tètè rà á.

Tí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ, ẹ má sá, ẹ má sì ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú sítétímẹ́ǹtì. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún yín láyè kẹ́ ẹ dákẹ́ títí tẹ́ ẹ fi máa rí lọ́yà yín. Ẹ pè mí. Àmọ́ fọ́ọ̀mù yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ, lónìí, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ ìdìbò.