Ìwé ìpè ológun dé fún Ìdòwú wa

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o. Vantaa ni à ń gbé ní Fínlándì. Ìdòwú wa ń pé ọmọ ọdún 18 lọ́dún yìí, ìwé ìpè iṣẹ́ ológun sì ti dé. Ta ni orílẹ̀-èdè kékeré yìí ń bá jà tí wọ́n fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ wọ bárékè? Ọmọ náà tún ti ilé ìwé dé, ó ní Fínlándì wà lẹ́yìn Hitler nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọkàn mi pòrúúruù. — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ fara balẹ̀. Àyà tèmi náà já nígbà tí ìwé yẹn dé ilé wa ní Lahti. Ọmọ mi ti lọ, ó ti bọ̀, ó tiẹ̀ sanra sí i ni.

Ẹ wo máàpù. Ààlà tó wà láàrin Fínlándì àti Rọ́ṣíà gùn ju 1,300 kìlómítà lọ. Abẹ́ Swídìn ni Fínlándì wà títí di 1809 tí ọba Rọ́ṣíà fi gbà wọ́n. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1917 ni wọ́n tó kéde òmìnira. Ní 1939, Stalin, olórí Rọ́ṣíà, ní kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ tó wà nítòsí Leningrad, ìlú ńlá Rọ́ṣíà kan, òun á fún wọn ní òmíràn dípò rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, bọ́ǹbù Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí Helsinki, olú ìlú Fínlándì. Ọjọ́ 105 ni wọ́n fi jà nínú yìnyín. Ìlú Ọba àti Faransé ń sọ pé àwọn ń bọ̀, àwọn ń bọ̀. Ogun parí kí wọ́n tó dé. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ wọn bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà, àwọn èèyàn tó lé ní 400,000 sì fi ilé wọn sílẹ̀.

Màmá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa wà lára wọn. Ó ní ọmọ ọdún 5 lòun nígbà náà. Wọ́n ti di ẹrù tán, ni ìyá òun bá padà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fọ ilẹ̀ yàrá mọ́ tónítóní, kó tó ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Màmá, nítorí ta ni?" Ó ní òun náà bi ìyá òun bẹ́ẹ̀, kò dá òun lóhùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Hitler ti wọlé. Nígbà tí Jámánì kọlu Rọ́ṣíà ní 1941, Fínlándì bá a lọ kó lè gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ká ní wọ́n dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá gbè wọ́n. Wọ́n kọjá ààlà àtijọ́, wọ́n kó ará Rọ́ṣíà tí kì í ṣe ológun sí àgọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú síbẹ̀. Ní 1942, wọ́n fa Júù 8 tó sá wá bá wọn lé Jámánì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn Júù ọmọ Fínlándì wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn tó ń jà! Ẹ má fi èyí pa mọ́ fún Ìdòwú. Ní 1944 wọ́n bá Rọ́ṣíà ṣàdéhùn, wọ́n kọjú ìbọn sí Jámánì, ìyẹn náà sì dáná sun Rovaniemi, ìlú kan ní àríwá Fínlándì, bó ṣe ń sá lọ. Rọ́ṣíà tún bu owó ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 300 fún wọn. Ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀rọ ni wọ́n fi san án, 1952 ni wọ́n san án tán.

A máa ń sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ti àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ekòló, ejò náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ìgbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Yukréìn ní 2022 ni wọ́n sáré wá ẹgbẹ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2023 ni wọ́n wọ NATO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbèjà ara wọn.

Nítorí náà, wọn ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà báyìí. Ọjọ́ 165, 255 tàbí 347 ni ọmọ ń lò níbẹ̀. Bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá gba ìbọn, iṣẹ́ ìlú wà fún un, ọjọ́ 347. Àmọ́ Ìdòwú ni, ta ló fẹ́ yí i lérò padà?

Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó nípọn fún un. Ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé (pea) ni wọ́n máa ń jẹ ní bárékè lọ́jọ́bọ̀, kò sì ta rárá. Ẹ di ata gígún sínú ike kékeré fún un. Tọmọ mi ò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi tán, àwọn ọmọ Fínlándì ló bá a lá a.