Ta ló fún bàbá rẹ lómi?

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún padà sí ojú ìwé kejì, torí mo rò pé ojú mi ló fo ìlà kan. Ojú mi ò fo nǹkan kan. O kọ ọ́ pé bàbá rẹ mi orí, pé pásítọ̀ kígbe Halelúyà, pé àbúrò rẹ já wọlé, ó ní omi ni bàbá ń béèrè, ó sì lé gbogbo yín síta. Láti ibẹ̀ lo ti bọ́ sórí ìwọ̀sí tí àbúrò rẹ fi lọ ènìyàn Ọlọ́run. O ò mẹ́nu ba omi mọ́ títí lẹ́tà fi parí.

Ta ló fún bàbá rẹ lómi?

Kí ẹ̀yin yòókù lè mọ ohun tí à ń sọ: Ìkòròdú ni arábìnrin yìí ń gbé, díkónẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ rẹ̀. Ìwó ni bàbá rẹ̀ wà, Àlàájì, ẹni ọdún 78. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, apá òsì ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ ò já gaara. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú wọn. Arábìnrin wa ò tíì dé ilé náà láti ọdún tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí ẹran Iléyá tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá dùbúlẹ̀, ó gbé pásítọ̀ àti àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ àdúrà sínú ọkọ̀, wọ́n forí lé Ìwó. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká. Pásítọ̀ ní bí Àlàájì bá gba Jésù, kí wọ́n mi orí. Orí mì. Ìbéèrè rẹ̀ sí mi nìyí: "Ìyá wa, nígbà tó jẹ́ pé Jésù nìkan ni ọ̀nà, ṣé orí tí bàbá mi mì yẹn tó láti gbé wọn dé ọ̀run, àbí kí a tún padà lọ kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́? Mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn wà lọ́rùn mi."

Kí ẹ tún padà lọ! Ẹ̀yin mẹ́rin yẹn náà?

Irú lẹ́tà yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ọmọ á jìnnà sílé, ọdún á máa gorí ọdún, kò ní yọjú, kò ní pè. Ọjọ́ tí dókítà bá sọ̀rọ̀ tó le ni ìgbàlà òbí á di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Á wọlé pẹ̀lú àwùjọ, á wọlé pẹ̀lú gbohùngbohùn nígbà mìíràn (mo ti gba lẹ́tà bẹ́ẹ̀), ẹni tó wà lórí ìbùsùn ò sì lè dìde sá. Tí wọ́n bá lé e jáde, á ní inúnibíni ni.

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan nípa orí mímì yẹn. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ènìyàn mẹ́rin dúró lé lórí tí wọ́n ń pariwo ìbéèrè kan náà mọ́ ọn, bó bá mi orí, kí ló ń sọ? Ó lè jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni." Ó lè jẹ́ "ẹ bù mí lómi." Ó sì lè jẹ́ "mo ti gbọ́, ẹ máa lọ." Ìwọ náà mọ̀ pé o ò mọ èyí tó jẹ́, ìdí nìyẹn tí o fi kọ̀wé sí mi. O fẹ́ kí n fi òǹtẹ̀ lù ú. Mi ò ní òǹtẹ̀.

O ní pásítọ̀ fi olè orí àgbélébùú ṣe àpẹẹrẹ nínú ọkọ̀. Ó dáa. Ta ló ní kí olè yẹn mi orí? Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu pe Jésù, tó ní kó rántí òun. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ ọ, ìrora kan náà ló ń jẹ.

Ní ti pé Jésù nìkan ni ọ̀nà, mi ò ní bá ọ jiyàn. Èmi náà gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi "ọ̀nà kan ò wọ ọjà" tù ọ́ nínú. Mo mọ̀ pé ohun tí ìwọ ń retí lọ́wọ́ mi nìyẹn, kí o lè sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà pé Ìyá ti di apẹ̀yìndà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o ṣí Jòhánù sí orí 13 kí o tó dé orí 14 ẹsẹ 6 tí o kọ sókè lẹ́tà rẹ. Alẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la kí wọ́n kàn án mọ́ igi ni. Ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó sán aṣọ mọ́ ìdí, ó bu omi sínú ọpọ́n, ó ń wẹ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹsẹ̀ Júdásì tó máa dìde lọ tà á láàárín wákàtí mélòó kan sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wọn pé òun ń lọ. Ẹ̀rù bà wọ́n. Tọ́másì ló sọ̀rọ̀, ó ní àwọn ò mọ ibi tó ń lọ, báwo ni àwọn ṣe máa mọ ọ̀nà? Ìgbà yẹn ló dá a lóhùn pé, "Èmi ni ọ̀nà, àti òtítọ́, àti ìyè." Tọ́másì ló béèrè! Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ló béèrè, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán ló dá a lóhùn. Ìwọ mú ìdáhùn yẹn, o gbé e lọ bá ẹni tí kò béèrè nǹkan kan ju omi lọ.

Èyí tí o tún tọ́ka sí nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 4 ẹsẹ 12, pé kò sí orúkọ mìíràn, ṣé o rántí ẹni tí Pétérù sọ ọ́ fún? Àwọn ìjòyè àti àgbààgbà tó ní agbára láti tì í mọ́lé ni, tí wọ́n ń bi í bó ṣe mú arọ kan lára dá. Arọ yẹn dúró tì wọ́n níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti ń rìn kí Pétérù tó wàásù ìlà yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn ìjọ ò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí kò gba Jésù kó tó kú. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì ti àwọn Kátólíìkì sọ ní 1964 pé ẹni tí kò mọ ìhìnrere, tí kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀, tó sì ń wá Ọlọ́run tọkàntọkàn, lè rí ìgbàlà. Ìjọ tìrẹ ò ní gbà bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n kúrò lórí ìyẹn. Àwọn tìrẹ gan-an ni kí a lọ bá. Ní 1974, àwọn ajíhìnrere láti nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150 pé jọ sí Lausanne ní Switzerland, Billy Graham, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, wà níwájú wọn. Wọ́n kọ májẹ̀mú kan sílẹ̀. Wọ́n ní Olùgbàlà kan ṣoṣo ló wà, pé ìmọ̀ Ọlọ́run tí ènìyàn rí nínú ìṣẹ̀dá ò lè gbà á là. Kò sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Inú májẹ̀mú kan náà ni wọ́n ti jẹ́wọ́ pé, nítorí ìtara kí àwọn ènìyàn lè dáhùn, àwọn ti fi ọgbọ́n ìmúnipá mú àwọn tó ń gbọ́ wọn, àwọn sì ti jẹ́ kí kíka iye orí gba àwọn lọ́kàn jù. Wọ́n tún kọ ọ́ pé fífetí sílẹ̀ kí a lè lóye ẹlòmíràn kò ṣe é yọ kúrò nínú ìjíhìnrere. Kí ni bàbá rẹ sọ fún ọ lọ́jọ́ náà tí o fetí sí?

Wo Àjàyí, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ bí ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ó di onígbàgbọ́ ní Sàró, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó di àlùfáà ní London ní 1843. Ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ló tún tó fojú kan ìyá tó bí i, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà ti darúgbó, òrìṣà ló sì ń bọ. Tí ó bá jẹ́ pásítọ̀ tìrẹ ni, kí omijé ayọ̀ tó gbẹ ni ì bá ti ní kí ìyá mi orí. Ẹni tí mò ń sọ yìí gba ẹsẹ Bíbélì yẹn gbọ́ jù ọ́ lọ, òun ló ṣíwájú iṣẹ́ títú Bíbélì sí Yorùbá, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Síbẹ̀ oṣù kejì ọdún 1848 ni ìyá rẹ̀ tó ṣe ìrìbọmi, tó di Hannah. Ọdún kan àbọ̀ ló wà láàárín, ìyá ń wo bí ọmọ ṣe ń gbé ayé rẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tó ń sọ, ojú ń kan ojú. Ìwọ ò sí níbẹ̀ kí bàbá rẹ rí ọ, báwo ni wọ́n á ṣe mọ ohun tí Jésù ti sọ ọ́ dà?

Ọ̀rọ̀ owó tún kù. Ojú ìwé kẹta ni o ti ní o ti gbin irúgbìn ìgbàgbọ́ 150,000 náírà sórí ìgbàlà bàbá rẹ. Ìpínrọ̀ méjì sísàlẹ̀ rẹ̀, o ní àbúrò rẹ pè ọ́ lórí owó oògùn, o ní kò sí lọ́wọ́. Ṣé ìwọ náà ò rí i nígbà tí ò ń kọ ọ́? Máàkù orí 7: àwọn kan ń sọ fún bàbá àti ìyá wọn pé ohun tí wọn ì bá fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ti di Kọ́bánì, ó ti di ẹ̀bùn fún Ọlọ́run. Jésù ní wọ́n ti fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Jésù tí o ní òun nìkan ni ọ̀nà ló sọ bẹ́ẹ̀, sí àwọn tó mọ ìwé mímọ́ lórí.

Nípa ẹ̀jẹ̀ tó máa wà lọ́rùn rẹ, o mú un láti inú Ìsíkíẹ́lì orí 33, ti olùṣọ́ tó rí idà tó ń bọ̀ tí kò fọn fèrè. Olùṣọ́ yẹn wà nínú ìlú pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ́, arábìnrin mi. Láti ọdún Iléyá yẹn, ìlú wo lo wà?

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí ó dùn mọ́ mi, o sì tún kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni ń sáré. O ní bàbá rẹ wá sí ìgbéyàwó rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. O kọ ọ́ sílẹ̀ láti fi hàn pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí èmi rí ni Àlàájì kan láti Ìwó tó wọ agbádá, tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tó rìn láàárín àwọn ìjókòó títí dé iwájú pẹpẹ lójú gbogbo ìjọ, tí kò sì ní kí ọkọ rẹ kọ́kọ́ ka kàlímọ́ ṣàhádà kí òun tó jọ̀wọ́ rẹ.

Padà lọ, àmọ́ ìwọ nìkan. Má mú Bíbélì ńlá yẹn dání, o mọ èyí tó wà lórí rẹ. Kí ìyàwó àbúrò rẹ kí o tó kí ẹnikẹ́ni, kí o kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó rẹ ni nínú ilé, torí òun ló ń wẹ bàbá tó bí ọ. Kí ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn àti bí wọ́n ṣe ń fún wọn lómi, má dá a ṣe: àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń mú ọ̀fun nígbà mìíràn, ohun mímu á ṣì ọ̀nà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ń ṣàánú. Bi í ní ìgbà tí wọ́n ń yí wọn padà kí egbò má bàa yọ sí wọn lẹ́yìn. Yí wọn padà nígbà tó bá kàn ọ́. Bí àfáà bá wọlé, má jáde.

Bí bàbá rẹ bá béèrè ohun tí o gbà gbọ́, sọ ọ́, má fi pamọ́, má dín in kù. Wọn kì í ṣe àjèjì sí orúkọ náà, kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ Ànábì Ísà, súrà kan wà tó ń jẹ́ Màríyámọ̀, orúkọ ìyá rẹ̀. Bí wọn ò bá béèrè, ìdájọ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ, kò sì fìgbà kankan sí níbẹ̀.

Owó oògùn: fi ránṣẹ́ lónìí, kí o tó wọ ọkọ̀. Pásítọ̀ rẹ á ní o ti rẹ̀wẹ̀sì nínú ìgbàgbọ́, kó máa wí.

Kí o sì ṣí nọ́ńbà àbúrò rẹ tí o ní o ti tì pa lórí fóònù. Òun ló máa pè ọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. O mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pamọ́. Bí ìpè rẹ̀ ò bá wọlé láàárọ̀, wọ́n lè ti sin bàbá rẹ kí ìrọ̀lẹ́ tó dé Ìkòròdú.