Bí àgbàlagbà bá ṣì í, ta ni yóò mọ̀? Ọ̀rọ̀ lórí ìdìbò nínú kíláàsì alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, arákùnrin wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa lo ètò ìdìbò orí fóònù, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mú ìdáhùn tirẹ̀, nínú kíláàsì àgbàlagbà yín, nítorí pé bí ẹ bá ti béèrè nǹkan, ẹni méjì tàbí mẹ́ta kan náà ló máa ń dáhùn, tí àwọn tó kù á sì dákẹ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ wá ń bi wá léèrè èyí tó dára jù nínú Kahoot, Mentimeter àti ìdìbò WhatsApp. Ọdún kẹfà mi rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìṣirò owó àti ìwé kíkà lálẹ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, mo sì ti lo gbogbo ohun tí ẹ dárúkọ wọ̀nyí, òmíràn fún oṣù mélòó kan, òmíràn fún alẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni pé kí ẹ tó yan ètò kankan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì í, ta ni yóò mọ̀?

Ọdún àkọ́kọ́ ni mo kọ́ ọgbọ́n yìí, kò sì rọrùn fún mi. Kahoot, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Norway tí ó sì jáde ní 2013, ni mo kọ́kọ́ gbé wọ kíláàsì, nítorí mo ti rí bí ó ṣe ń mú ara àwọn ọmọ ilé ìwé yá gágá. Ìbéèrè á hàn lára ògiri, àwọ̀ mẹ́rin á hàn lójú fóònù, akẹ́kọ̀ọ́ á sì tẹ ọ̀kan kí àkókò tó tán. Ẹni tó bá tètè tẹ èyí tó tọ́ ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀ jù, orúkọ àwọn tó wà níwájú á sì yọ sójú ògiri lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta gààrí àti èlùbọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 60. Mo rí i tí ó na ìka sí ògiri, tí ó ń fi ètè ka ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó dé ìdajì ìlà, àkókò ti tán, ojú fóònù tí mo yá a sì ti pọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra da ojú fóònù náà dé orí itan, ó gbé ọwọ́ lé e, kò sì ṣí i mọ́ títí a fi túká. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá. Nígbà tí mo lọ bá a ní ìsọ̀, ó ní: “Olùkọ́, mo dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n mi ò lè máa bá àwọn ọmọ mi sáré ìje, kí wọ́n wá kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ̀yìn ni mo wà.”

Ìyá yìí ló sì yára jù nínú gbogbo wa bí ó bá di ká ro owó lórí. Ìṣirò ni mo fẹ́ wọ̀n, ìyára ojú ni mo wọ̀n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé a lè sún àkókò náà títí dé ìṣẹ́jú mẹ́rin, a sì lè yọ máàkì kúrò pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ lo Kahoot dandan, ẹ ṣe méjèèjì kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó fọwọ́ kàn án.

Ìdìbò WhatsApp, tó dé ní ìparí 2022, ni mo gbìyànjú lẹ́yìn rẹ̀. Ó wù mí púpọ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò gba ètò tuntun sórí fóònù, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n lò. Àbùkù rẹ̀ fún iṣẹ́ wa ni pé gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ló lè ṣí i wò pé ta ló dìbò fún kí ni. Mo fi ìbéèrè kan ránṣẹ́, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò inú kíláàsì dìbò, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ènìyàn 11 ti tẹ̀ lé e lọ síbi kan náà, ibẹ̀ kò sì tọ́. Mo mọ̀ dájú pé ó kéré tán àwọn mẹ́ta nínú wọn mọ ìdáhùn, nítorí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé wọn níṣojú mi lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún ìyá wọn. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí a ó pàdé àti wákàtí tí a ó bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ń fi ìdìbò WhatsApp béèrè.

Mentimeter, tó wá láti Sweden, kò ní àléébù yìí. Nọ́ńbà kan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ láti wọlé, kò ní láti kọ orúkọ, ohun tí gbogbo ènìyàn yóò sì rí ni iye àwọn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń kàwé dáadáa, ẹ lò ó láìfòyà. Nínú kíláàsì tèmi, ìdajì péré ló ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, dátà náà sì máa ń tán lọ́wọ́ wọn ṣáájú ìparí oṣù. Fífi fóònù méjìlá dìbò fún ènìyàn 27 kò yàtọ̀ sí ẹni mẹ́ta tó ń dáhùn lójoojúmọ́.

Ó ṣe pàtàkì kí a rántí ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá. Ní 1991, Eric Mazur, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì Harvard ní físíìsì, ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń yege ìdánwò láìmọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó wá ń béèrè ìbéèrè kan, oníkálùkù á dá rò ó, á dìbò, á yíjú sí aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n jọ jiyàn, lẹ́yìn náà wọn á tún dìbò. Ọwọ́ nínà àti káàdì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a fi ń tẹ ìdáhùn tó dé. Ní 2008, Nathaniel Lasry, olùkọ́ físíìsì ní Kánádà, fi kíláàsì tó ń lo káàdì wé èyí tó ń lo ẹ̀rọ, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ kò sì yàtọ̀ síra. Àríyànjiyàn tó wà láàárín ìdìbò méjì ló ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo ti rí nìyí láti ọdún mẹ́rin.

Káàdì Plickers ni mo wá gbé kalẹ̀ sí. Bébà ni, a ya àmì dúdú onígun kan sí i lára, ti káàdì kan kò sì jọ ti èkejì. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó ní ni A, B, C àti D. Ẹ̀gbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé sókè ni ìdáhùn rẹ̀, olùkọ́ á sì fi kámẹ́rà fóònù tirẹ̀ nìkan ka gbogbo wọn láti iwájú. Ẹni tó jókòó ti ènìyàn kò lè wo tirẹ̀ kọ, nítorí àmì wọn yàtọ̀. Lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà mo ya àwòrán mẹ́rin sẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, àgbàdo, adìyẹ, ẹja àti kẹ̀kẹ́, mo sì ya àwọn kan náà síwájú ìdáhùn lójú pátákó, kí ẹni tí kò tíì mọ lẹ́tà má bàa ṣìnà. Ẹ má fi ike dídán bo káàdì yín bí mo ti ṣe lákọ̀ọ́kọ́, torí iná á máa tàn lára rẹ̀, kámẹ́rà kò sì ní rí àmì kankan. Ẹ ní àtùpà alágbára méjì nípamọ́ fún alẹ́ tí iná bá lọ. Kí ẹ sì máa ka ìbéèrè sókè lẹ́ẹ̀mejì, nítorí nínú àwọn tèmi, àwọn tó kọ́ ìwé lápá Nàìjíríà mọ ẹ àti ọ, àwọn tó kọ́ ọ níbí mọ ɛ àti ɔ, ìbéèrè ìṣirò kò sì yẹ kó di ìdánwò lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ kan tí mo bi wọ́n ní ìbéèrè yìí. Obìnrin kan ra àpò àgbàdo ní 18,000 sẹ́ẹ̀fà, ó san 1,500 fún ọlọ́kọ̀, ó wọ̀n ọ́n tà ní òṣùwọ̀n 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 550. Èló ni èrè rẹ̀? Àwọn 19 mú 4,000, àwọn 6 mú 2,500, àwọn 2 mú 22,000. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Mazur, bí àwọn tó mú èyí tó tọ́ (2,500 níbí) kò bá tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣe ni kí olùkọ́ padà ṣàlàyé. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ti ń tajà láti ọgbọ̀n ọdún kì í ṣàdédé ṣì í. Ó ní ohun tó rò. Mo ní kí wọ́n bi ara wọn pé kí ló fà á tí wọ́n fi mú tiwọn. Obìnrin kan tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ han aládùúgbò rẹ̀, ó ní owó ọjà ló wà níbẹ̀, pé inú owó oúnjẹ ilé ni òun ti máa ń san owó ọkọ̀, kò sì kan èrè. Ìyá oní-gààrí, tó ti padà sáàárín wa nígbà náà, ló dá a lóhùn: “Bí ọlọ́kọ̀ ò bá gbé e, ṣé àgbàdo yẹn á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà ni?” Nígbà tí wọ́n tún gbé káàdì sókè, àwọn 22 mú 2,500, àwọn 4 dúró ti 4,000, ẹnì kan ló kù sórí 22,000. Ká ní mo ti ṣàlàyé ni, wọn ì bá gbà fún mi, ṣùgbọ́n mi ì bá má mọ̀ láé pé owó oúnjẹ àwọn ọmọ ló ń gbé ọjà wọn. Orí àpò méjì yẹn, ti owó ọjà àti ti owó oúnjẹ ilé, ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e dá lé.

Nítorí náà, ẹ wá ìdáhùn tí kò tọ́ láti inú ọjà, lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. 4,000 yẹn kì í ṣe ohun tí mo jókòó dá rò. Ìbéèrè mẹ́ta tó fún alẹ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá jókòó ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ náà kò ní jiyàn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí èsì bá ti jáde, ẹ má ṣe béèrè pé “Ta ló mú A?” Mo béèrè bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, aránṣọ kan sì sorí kọ́ títí a fi túká. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni pé, “Kí ló lè mú ènìyàn mú A?” Ẹni tó mú un gan-an ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń sọ.

Káàdì náà wà lórí ìkànnì Plickers lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà líle. Màá fi àwòrán ẹ̀yìn káàdì tèmi ránṣẹ́ sí yín lọ́la. Bí ọ̀nà bá gbé yín gba Kétu, aago méje ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́rú là ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, a ó fún ẹ̀yin náà ní káàdì kan.