Ẹ Má Torí Awọ Ara Dín Oògùn Kù

Àǹtí wa tí ó béèrè bóyá òun lè dín oògùn òun kù, nítorí pé irorẹ́ bo ojú òun, làpálàpá sì ń yọ sí òun lẹ́yìn láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún òun, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dín in kù àfi bí dókítà tí ó ń tọ́jú kíndìnrín náà bá sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà gba kíndìnrín, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, mo sì mọ bí ó ṣe ń dunni tó kí ara ti yá tán, kí ojú ẹni má sì ṣeé wò nínú dígí.

Oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun ni ó ń dín agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn kù, ìdí nìyẹn tí làpálàpá fi ń rí àyè. Prednisolone, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, a máa mú irorẹ́ wá, a máa wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, a sì máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Púpọ̀ nínú èyí a máa rọlẹ̀ bí dókítà bá ti ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀.

Kẹ́mísì ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí làpálàpá bo ẹ̀yìn mi láti èjìká dé ìbàdí, tí èépá funfun ń bọ́ sórí aṣọ bí mo bá ti họ ọ́, ẹni tí ń ta oògùn ládùúgbò wa fẹ́ fún mi ní ketoconazole oníhóró, oògùn làpálàpá tí a ń gbé mì. Mo kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní n kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ketoconazole àti fluconazole tí ó jọ ọ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ tacrolimus, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín, bí ó ti yẹ. Tacrolimus yóò wá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, kíndìnrín tí a ná gbogbo ohun ìní lé lórí yóò sì fara gbá a. Ìpara ni wọ́n fún mi, ó sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àgbo rí: ìyá mi sunkún kí wọ́n tó gbà pé n kò ní mu ún mọ́. Ẹ jìnnà sí ìpara abóra pẹ̀lú, nítorí steroid, irú oògùn tí prednisolone jẹ́, wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, làpálàpá a sì máa gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá rí àbàwọ́n elésè àlùkò tàbí dúdú ní ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹnu, ẹ má dúró de ọjọ́ klíníìkì. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ Kaposi. Bí wọ́n bá tètè rí i, dókítà lè fi sirolimus, tí òun náà kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín, rọ́pò oògùn bíi tacrolimus, àbàwọ́n náà sì lè ṣá.

Ọdún kan wà tí n kò bá ẹgbẹ́ mi jáde ní Ojúde Ọba nítorí ojú mi. Ìtìjú bẹ́ẹ̀ kì í hàn nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní gbangba, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn yín lọ́wọ́. Ìgbà tí mo sọ ọ́ ni wọ́n tó rán mi sí dókítà awọ ara.