Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Kí N Pa Windows Update Nítorí Dátà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń tẹ̀wé, tí a sì ń bá àwọn ọmọ iléèwé forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láìpẹ́ yìí, flash tí oníbàárà kan mú wá kó fáírọ́ọ̀sì ran kọ̀ǹpútà wa. Ẹni tó bá wa tún un ṣe ní kí n pa Windows Update nítorí pé ó ń jẹ dátà, àti pé òun yóò fi antivirus tí wọ́n ti "crack" (ìyẹn ni pé wọ́n ti já títì rẹ̀ kí ènìyàn má baà sanwó) sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n gbà fún un?
Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ọrọ̀ ajé, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Òótọ́ ni pé Windows Update, ètò tí Microsoft tó ṣe Windows fi ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n àdánù tó wà nínú pípa á ju owó dátà lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò yẹn gan-an wọlé, ó sì mú kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti àwọn fáìlì inú wọn pa, ó sì ń béèrè 300 dọ́là owó Bitcoin (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì) lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá àwọn aláìsàn padà. WannaCry kò dúró de ẹni tí yóò tẹ nǹkan kan kó tó tàn kálẹ̀, láti ara kọ̀ǹpútà kan ló ti ń ràn mọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n èyí tó ti gba àtúnṣe oṣù kẹta, kò rí ihò yẹn gbà wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi dátà òru tó dínwó gba àtúnṣe yín. Bó bá jẹ́ Windows 10 ni ẹ ń lò, Microsoft ti dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń wá fún un déédéé dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà ẹ béèrè bóyá kọ̀ǹpútà yín lè gba Windows 11.

Ní ti antivirus yẹn, kò sí ẹni tó mọ ohun tí àwọn tó "crack" rẹ̀ fi kún un, wọ́n sì sábà máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ pa ààbò kọ̀ǹpútà kó tó lè wọlé. Microsoft Defender, antivirus ti Microsoft fúnra rẹ̀, ti wà nínú Windows láìgba kọ́bọ̀. Bí ẹ kò bá pa á, ó tó yín lò.

Fáírọ́ọ̀sì orí flash sábà máa ń fi fáìlì gidi pamọ́, á wá fi "shortcut" tó ń jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀. Kí àwọn ọmọṣẹ́ yín máa fi Defender yẹ gbogbo flash wò kí wọ́n tó ṣí i. Fún àwọn fáìlì tó ń wá láti orí íméèlì, ẹ lọ tan "File name extensions" sílẹ̀, nítorí pé Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́: èyí tó ń jẹ́ risiti.pdf lójú yín lè jẹ́ risiti.pdf.exe, tí kì í ṣe ìwé rárá.

Ohun tó ká mi lára jù ni ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó wà níkàáwọ́ yín. Ẹ ra hard disk kan, kí ẹ máa da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ sí i, kí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà, nítorí pé irú WannaCry lè ti fáìlì orí disk tó bá wà lára kọ̀ǹpútà pa pẹ̀lú. Ẹ máa ṣí fáìlì díẹ̀ lórí rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó lè dá yín lójú pé wọ́n ṣeé kà.