Báwo ni Barbara Jordan ṣe ti ẹnu iṣẹ́ lọ́yà dé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà?

Barbara Jordan, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ lọ́yà ará Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1973, lẹ́yìn tó ti lo ọdún mẹ́fà ní ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 1936 ni wọ́n bí i. Ó gboyè òfin ní Boston University ní 1959, ó sì padà sílé láti ṣiṣẹ́ lọ́yà. Ó díje fún ilé aṣojú-ṣòfin Texas ní 1962 àti 1964, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tó fà á ni pé gbogbo Harris County, àgbègbè tí Houston wà, ló ń dìbò pọ̀, ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń rì sínú ti àwọn aláwọ̀ funfun. Nígbà tí ìdájọ́ kóòtù mú kí wọ́n tún ẹkùn ìdìbò pín, ó wọlé sí ilé aṣòfin àgbà Texas ní 1966.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fẹ́ fi yọ Ààrẹ Nixon nípò ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1974 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Àmọ́ àtúnṣe òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1975, tó kó Texas sábẹ́ àbójútó ìjọba àpapọ̀, ló wúwo jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kúrò nílé aṣòfin ní 1979, ó ń kọ́ni ní University of Texas l'Austin títí ó fi kú ní 1996.

Àwọn kan máa ń pè é ní obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílé náà. Kò rí bẹ́ẹ̀: Shirley Chisholm ti New York ti wọlé ní 1969. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni Jordan ti jẹ́ àkọ́kọ́.